Ilá, ewédú, obì àti kòkó: ṣé lóòótọ́ ni pé ẹbí kan náà ni wọ́n?

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní Ìsẹ́yìn. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ kan sì ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì SS2 lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn.

Mo ní kí àwọn ọmọ kó oríṣi ewé márùn-ún wá láti ilé, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹbí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú ewé ilá, ewédú, òwú, obì àti kòkó wá. Ó tò wọ́n dáadáa, ó tiẹ̀ ti fi òkúta tẹ̀ wọ́n kí wọ́n má baà ká. Sábẹ́ márààrún, orúkọ kan ṣoṣo ló kọ: Malvaceae. Mo mú bírò pupa, mo fagi lé mẹ́ta, mo fún un ní méjì nínú márùn-ún.

Ìwé tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo tẹ̀ lé. Ìwé yẹn ní ilá àti òwú ló wà ní Malvaceae. Ewédú wà ní Tiliaceae, obì àti kòkó wà ní Sterculiaceae. Osè àti àràbà ní tiwọn lọ́tọ̀, Bombacaceae. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí mo sì ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.

Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ìgbà tí wọ́n jáde kíláàsì ló wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì sọ pé wọ́n ti wo DNA wọn, wọ́n sì ti kó gbogbo wọn pọ̀." Mo ní kó máa lọ sílé, pé màá wò ó.

Ìyá tó bí ìyá mi ta àmàlà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilá ni, ewédú ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí méjèèjì bá wọ́n lọ́jà, á ra ewé osè gbígbẹ tí wọ́n ti gún, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kúkà, á fi se ọbẹ̀ tó fà bákan náà. Ó máa ń sọ fún wa pé ohun tó bá jọ fà, wọ́n bá ara wọn tan. Ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò ni mo kà á sí, mi ò kà á sí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ohùn ìyá àgbà ni mò ń gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń wo inú ewé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó bá ẹni tan? Kòkó igi ni, ara ìtì ló ti ń so. Ilá kò pẹ́ lóko tó fi gbó. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Ṣé àwọn tó kọ ìwé wa àtijọ́ ṣì wí ni? Tí mo bá ti ṣi ọmọ yìí lọ́nà, mo fẹ́ tún un ṣe kí ìdánwò tó dé.

Láàbù_Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Mà. Ọmọ yẹn ló jàre, márààrún ló gbà. Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí: ó di ọdún méje tí mo ti ń yọ DNA lára ewé ní láàbù kan níbí n'Íbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi oríkì ṣàlàyé. Ká ní baba ńlá kan ní oríkì gígùn kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ tiwọn náà gbà á, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Níbi tó yẹ kó ti ní "ọmọ olódò", ó ní "ọmọ olókè". Gbogbo ẹni tó bá ti ẹnu rẹ̀ gba oríkì náà, "ọmọ olókè" ni wọn yóò máa kì. Tí mo bá dé ìlú méjì tó jìnnà síra, tí mo gbọ́ "ọmọ olókè" nínú méjèèjì, mo mọ̀ pé ẹnu kan náà ló ti jáde. Àmọ́ tí mo bá gbọ́ "ọmọ olódò" ní ìlú méjì mìíràn, kò tíì sọ nǹkan kan fún mi, torí bí baba ńlá ṣe kì í nìyẹn, ẹ̀ka èyíkéyìí ló lè ṣì máa kì í bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tí ẹ̀ka méjì jọ jogún ló ń fi hàn pé wọ́n sún mọ́ra. Ohun tí gbogbo agboolé ní látilẹ̀ kì í fi í hàn. Ẹ di ibẹ̀ yẹn mú, Mà, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Oríkì tí à ń gbọ́ lára ewé ni DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, C, G àti T, ó sì gùn gan-an. Bó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, lẹ́tà kan á yí níhìn-ín, òmíràn á yí lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ wa ni ká ka ibi kan náà lára ohun ọ̀gbìn púpọ̀, ká tò wọ́n sórí ara wọn, ká wo àwọn tó jọ ní àṣìṣe kan náà.

Àwọ̀ ewé tí ẹ̀ ń rí yẹn, inú ohun kan tó ń jẹ́ chloroplast ló wà. Ibẹ̀ ni ewé ti ń fi oòrùn se oúnjẹ, ibẹ̀ náà sì ní DNA tirẹ̀. Ó pọ̀ nínú ewé, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ohun ọ̀gbìn olódòdó ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ dojú kọ ọ́. Ní 1993, Mark Chase àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ogójì tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde. Jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ìpín kan nínú DNA, tó ń jẹ́ rbcL, ni wọ́n kà lára irú ohun ọ̀gbìn tó tó 499. Nígbà tó di 1998, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Angiosperm Phylogeny Group, APG, fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tún àwọn ẹbí òdòdó tò. Ibẹ̀ ni Tiliaceae, Sterculiaceae àti Bombacaceae ti wọ inú Malvaceae. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ méjì tó dá lórí ẹbí yìí nìkan jáde, ọ̀kan ka jíìnì ndhF, èkejì ka atpB àti rbcL. Wọ́n sì bára mu.

Ibi tó wù mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí i nínú ìwé tí àwọn ọmọ ń kà. Inú agboolé Malvaceae, ojúlé ojúlé ni. Ojúlé ilá àti òwú, ojúlé osè àti àràbà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewédú kò sí nítòsí wọn. Ojúlé kòkó ni tirẹ̀ fara tì. Obì wá ńkọ́, tí ìwé àtijọ́ so mọ́ kòkó? Apá ibi tí ilá àti osè wà ni obì wà. Ó bá ilá tan ju bó ṣe bá kòkó tan lọ. Ẹ ò rí i pé Sterculiaceae ayé ọjọ́un kò jẹ́ ẹbí rárá: ó mú ọmọ méjì láti ojúlé tó jìnnà síra, ó tì wọ́n mọ́ yàrá kan, ó wá lé àwọn ọmọ ìyá wọn síta. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi àtúnṣe kékeré yanjú ìyẹn. Wọ́n ní láti wó ògiri.

Ìyá àgbà yín kò ṣì wí o. Fífà yẹn, ti agboolé ni lápapọ̀. Ó wà lára iṣápá, ó wà lára osè, kódà inú èso kòkó ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọmọ olódò" ni. Ohun tí gbogbo agboolé pín ni, kò lè sọ ojúlé tó sún mọ́ra. Ẹni tó bá fi ọbẹ̀ nìkan wò ó, á ní ìyá kan ló bí ilá àti ewédú. Jíìnì ní ìbátan ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ kòkó lọmọ ìyá ewédú, osè lọmọ ìyá ilá.

Fífà kan náà ló sì fojú mi rí nǹkan. Ewé púpọ̀, tí mo bá lọ̀ ọ́, tí mo da omi CTAB gbígbóná, irú ọṣẹ kan tó ń tú inú ewé, lé e, tí mo fi chloroform ya ìdọ̀tí kúrò, tí mo wá da ọtí tútù sí i, DNA á jáde nísàlẹ̀ túùbù bí òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ewédú kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ohun tó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ dà bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Mo fi páìpù fà á, ó tẹ̀ lé páìpù bí ọbẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọwọ́. DNA há sínú rẹ̀, PCR tó yẹ kó sọ jíìnì kan di ọ̀kẹ́ àìmọye kò sì ṣiṣẹ́ rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, mo já ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ dípò èyí tó gbó, mo gbẹ ẹ́ sínú silica gel, hóró tó ń fa omi, lójú ẹsẹ̀, mo fi omi sorbitol fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí CTAB tó kàn án. Ìgbà yẹn ni òwú funfun yọ. Mo pe gbogbo ẹni tó wà ní láàbù kí wọ́n wá wò ó.

Ní ti àwọn tó kọ ìwé àtijọ́, ohun tí ojú rí ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn. Wọ́n wo inú òdòdó, wọ́n wo bóyá àwọn fọ́nrán tó ń ru àtíkè akọ lẹ̀ pọ̀ di ọ̀pá kan bíi ti ilá, àbí wọ́n dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti ewédú. Ohun tí wọ́n rí wà níbẹ̀. Ibi tó ṣòro ni mímọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe àjogúnbá nínú ohun tí wọ́n rí, ojú lásán kò sì lè ya ìyẹn sọ́tọ̀ nígbà gbogbo.

Bàbá_Ewé_Ìjẹ̀bú_Igbó dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ta ewé àti egbò láti ìgbà tí bàbá mi ti fi ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ohun kan ń dùn mí tipẹ́tipẹ́. Àwọn olóyìnbó ń pe obì ní kola, wọ́n ń pe orógbó ní kola kíkorò, bí ẹni pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó jẹ́ pe orógbó ní obì. Obì ní awẹ́. Gbànja awẹ́ méjì ni, àbàtà ní mẹ́ta, mẹ́rin, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orógbó kò ní awẹ́. Tí o bá ṣá igi orógbó, oje pupa rúsúrúsú ló ń yọ. Ti obì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Ọlọ́run yàtọ̀ síra. Kí ni ẹ̀rọ yín sọ nípa ìyẹn?

Láàbù_Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jàre. Orógbó ni Garcinia kola, inú ẹbí Clusiaceae ló wà, kò bá obì tan lọ́nà tó sún mọ́. Tí ẹ bá kúrò ní agboolé tí ẹ bọ́ sí àdúgbò, àdúgbò orógbó ni wọ́n ń pè ní Malpighiales, àwọn jíìnì sì fi hàn pé ẹ̀gẹ́ wà ní àdúgbò kan náà. Ìyẹn ni pé orógbó bá ẹ̀gẹ́ tan ju bó ṣe bá obì tan lọ. Orúkọ tí àwọn baba wa fún wọn kò da méjèèjì pọ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni òṣíbàtà náà. Àwọn òyìnbó rò fún ìgbà pípẹ́ pé òdòdó lotus ti ilẹ̀ Éṣíà, Nelumbo, jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, torí inú omi ni méjèèjì ń gbé, tí ewé wọn tẹ́ rẹrẹ. Jíìnì ní rárá. Igi ńlá orí ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Platanus ló bá lotus tan jù, òun àti àwọn Protea ti Gúúsù Áfíríkà. Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn.

Ọ̀dọ́_Àgbẹ̀_Ṣakí dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbádùn àlàyé yín, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Tí Olùkọ́ bá kọ́ àwọn ọmọ ní Malvaceae lónìí, kí ló dá wa lójú pé wọn ò ní tún yí i padà lọ́dún mẹ́wàá? Iṣu tí à ń gbìn náà, mo ti ka ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa ibi tó ti wá.

Láàbù_Ìbàdàn dáhùn:

Àbúrò, ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀: ìtàn ẹbí àti orúkọ tí a fi pè é. Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n gba ìtàn yìí gbọ́ pátápátá, síbẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ojúlé kọ̀ọ̀kan di ẹbí tirẹ̀, kí Malvaceae di bíi mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ orúkọ nìyẹn. Ìtàn ẹ̀wẹ̀, APG tún ìwé wọn kọ ní 2003, ní 2009 àti ní 2016, Malvaceae ńlá yìí kò sì kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, chloroplast nìkan kò tó. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti wá, ó lè máà mọ ohun tí bàbá mú wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bọ́ sí DNA inú nucleus, ojú ọkàn sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá. Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn onímọ̀ tí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú wọn tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì: jíìnì 353 láti inú nucleus, irú òdòdó 9,506. Ewé gbígbẹ inú ibi ìpamọ́ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n já ní Nepal ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ibi gan-an tí ojúlé obì wà láàárín àwọn tó yí i ká ṣì ń fa àríyànjiyàn. Pé kò sí lọ́dọ̀ kòkó, ìyẹn dúró.

Ti iṣu tí ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni pé ìtàn méjì wà. Iṣẹ́ kan ní 2019 ní inú iṣu igbó kìjikìji tó ń jẹ́ Dioscorea praehensilis ni iṣu funfun wa ti jáde, ní agbègbè tó wà láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Iṣẹ́ mìíràn ní 2020 ní ọmọ àdàlù ni: Dioscorea abyssinica ti ilẹ̀ ọ̀dàn ni ìyá, praehensilis ni bàbá. Àwọn méjèèjì ka DNA, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò rẹ̀ ló yàtọ̀. Èmi gba ti 2020 jù, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò tíì parí.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ní_Bahia dáhùn:

Ẹ kú àárọ̀ láti Salvador, ní ilẹ̀ Brazil. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, mo ní kí n fi tèmi kún un. Àwọn baba wa tí wọ́n kó dé ibí kò rí igi ìrókò. Igi tí wọ́n yàn dípò rẹ̀ ni èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní gameleira, irú ọ̀pọ̀tọ́ kan ni. Títí dòní ni wọ́n ń so aṣọ funfun mọ́ ọn nídìí, wọ́n ń pè é ní Iroko. Nígbà tí mo wá a nínú ìwé, mo rí i pé Moraceae ni ìrókò wa, Moraceae náà ni gameleira. Méjèèjì ló ń sun oje funfun bí wàrà tí wọ́n bá ṣá a. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wà ní oko ẹrú, nínú igbó tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n sì yan igi láti inú ẹbí ìrókò gan-an.

Ní Kúbà, ceiba ni wọ́n yàn. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n: àràbà ni, Ceiba pentandra. Wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007 tó fi DNA àràbà ilẹ̀ Áfíríkà wé ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní Amẹ́ríkà ni àràbà ti ṣẹ̀, tí èso rẹ̀ sì sọdá òkun wá sí Áfíríkà fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé ènìyàn gbé e wá. Ẹ̀yin Láàbù_Ìbàdàn, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Láàbù_Ìbàdàn dáhùn:

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín DNA méjèèjì kéré jù fún igi tó ti wà ní Áfíríkà látìgbà tí ilẹ̀ méjèèjì ti pínyà, ìwádìí yẹn sì ni mo máa ń fún àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kà. Ohun tí ẹ sọ nípa gameleira yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Olùkọ́, tí ẹ bá lè kó àwọn ọmọ wá sí Ìbàdàn, ibi ìpamọ́ ewé gbígbẹ kan wà ní Jericho, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí igbó. Láti 1948 ló ti wà, ewé tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn dáhùn:

Gbogbo yín, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣe é tì. Mo ti kọ lẹ́tà sí Jericho.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe ọmọ náà síwájú kíláàsì. Mo gba ìwé rẹ̀, mo fi márùn-ún rọ́pò méjì, mo fọwọ́ sí i. Mo sọ fún gbogbo wọn pé èmi ni mo ṣì í, mo sì ka ọ̀rọ̀ oríkì yẹn fún wọn bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń hun aṣọ òkè béèrè bóyá òwú tí wọ́n fi ń hun aṣọ bá ilá tan ju obì lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé àpò kòkó kan tí mo yá lọ́wọ́ ẹnìkan lọ́jà jáde, èyí tí wọ́n fi okùn jute hun. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí okùn náà ti wá, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo ní ara igi ewédú àti àbúrò rẹ̀ ni, pé àpò àti kòkó inú rẹ̀, ẹbí kan ni wọ́n, ojúlé wọn sì fara kan ara wọn. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin yẹn ní ṣé òun lè yọ fọ́nrán kan. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé kòkó, ó sì kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀.